Bí ẹ ṣe máa gbé ìlẹ̀kẹ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí ìpàtẹ ọjà, kí èrè tó bá yín wọlé

Oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ á gbé ẹrù ní Àkúrẹ́, á lọ pàtẹ ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Oǹdó, á tà dé ìdajì, àpò rẹ̀ á wú. Ó délé, ó yọ owó ọkọ̀, owó ààyè, owó oúnjẹ àti ti ìlẹ̀kẹ̀ tó já dà sínú ẹrù, ojú owó kò pé mọ́. Á ní ọjà kò yá. Ọjà yá o. Ilé ni owó náà ti sọnù kí ó tó wọ mọ́tò, nítorí kò ṣírò ohun tí ìrìn àjò náà máa jẹ, kò yẹ okùn wò, kò sì di ẹrù bó ṣe yẹ.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ lọ ta ọjà fún ọjọ́ méjì, òun àti olùrànlọ́wọ́ kan, nínú ọkọ̀ èrò, pẹ̀lú nǹkan bí 120 ẹyọ ọjà.

OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ

Ọjà tí ẹ máa gbé:
- yẹtí 40
- ẹ̀gbà ọwọ́ 35
- ìlẹ̀kẹ̀ ìdí 20
- ẹ̀gbà ọrùn tí owó rẹ̀ kò ga 15
- iyùn, ẹ̀gbà ọrùn pẹ̀lú ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí rẹ̀, 6
- iṣẹ́ ńlá tó ń pe ojú mọ́ra 4. Bóyá ni ẹ máa tà ju ẹyọ kan lọ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ló máa dá èrò dúró.

Irinṣẹ́ àtúnṣe: pílíásì ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ìgéwáyà kan, àlùmọ́gàjí, téèpù ìwọnra, okùn ìpẹja 0.35 mm àti 0.50 mm, okùn rọ́bà 0.8 mm, abẹ́rẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta, húùkù 20, irin kékeré tí a ń tẹ̀ pa mọ́ okùn (àwọn oníṣẹ́ ń pè é ní stopper) 100, àti ọ̀rá ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ márùn-ún fún ẹni tó bá ní kí ẹ fi kún tòun.

Ti ìsọ̀: dígí méjì, ọ̀kan tó gùn tó àyà àti ọ̀kan tó ṣeé gbé lọ́wọ́, aṣọ tábìlì dúdú kan àti funfun kan, ọrùn pákó tàbí ti páálí mẹ́rin tí ẹ máa fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ́, iná tó ń lo ṣájì, páwà báǹkì, ọ̀rá ńlá tó lè bo gbogbo tábìlì bí òjò bá dé.

Ti owó: àpò ìbàdí, ìwé àkọsílẹ̀ kan, ṣéńjì ₦20,000 tó jẹ́ ₦100, ₦200 àti ₦500, àti àkáǹtì ní báǹkì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ ní ìpele 7.

ÌPELE 1: Ẹ mú ọjà, kí ẹ sì ka ọjọ́ rẹ̀ dáadáa

Oríṣi ibi mẹ́ta ló wà tí ìlẹ̀kẹ̀ ti ń tà. Ìpàtẹ ọjà tí wọ́n ń gba owó ààyè ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni ọdún ìlú, bí Ekímọgún ní Oǹdó tàbí Ìgógó ní Ọ̀wọ̀. Ìkẹta ni ọjà ìbílẹ̀ tí wọ́n ń ná ní ọrún-ọrún.

Ọjà ọrún yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì kà, pàápàá àwọn tó ń wo kàlẹ́ńdà. Baba wa máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Bí ọjà bá bọ́ sí Ọjọ́ Ajé, ẹ ka Ajé ní ọ̀kan, Ìṣẹ́gun ní èjì, Ọjọ́rú ní ẹ̀ta, Ọjọ́bọ̀ ní ẹ̀rin, Ẹtì ní àrún. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjà tún kàn. Lẹ́yìn náà ni Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn náà Àbámẹ́ta. Ẹni tó bá fi ọjọ́ márùn-ún gbáko kún Ọjọ́ Ajé á dé ọjà ní Àbámẹ́ta, á bá pákó òfìfo. Bákan náà ni ọjà ìsán, ti ọjọ́ mẹ́sàn-án: bí ó bá jẹ́ Ọjọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni yóò tún kàn.

Ní ti ọdún ìlú, ẹ béèrè èèwọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ní àsìkò Ìgógó, tó máa ń bọ́ sí oṣù Kẹsàn-án, ọkùnrin kì í dé fìlà ní Ọ̀wọ̀, obìnrin kì í wé gèlè, wọn kì í sì í lu ìlù. Nítorí náà, ẹ má tan orin onílù sí ìsọ̀, kí ẹni tó ń bá yín tajà má sì wé gèlè lọ. Èrè tiyín náà wà níbẹ̀: orí tó ṣí sílẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn hàn. Ẹ kó yẹtí gígùn lọ síbẹ̀ ju ibòmíì lọ.

Ìkìlọ̀: ọdún mìíràn wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n máa ń ti ọjà pa lọ́jọ́ rẹ̀, tàbí tí wọn kì í fẹ́ kí obìnrin jáde. Bí ẹ bá gbọ́ "ọdún", ẹ má rò pé ọjà ni. Ẹ pe ẹnì kan tó ń gbé nínú ìlú náà, kì í ṣe ẹni tó kàn jẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Èkó.

Bí wọ́n bá ń gba owó ààyè, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin kí ẹ tó san án: ṣé tábìlì àti kánópì wà nínú owó náà? Ẹsẹ̀ mélòó ni ààyè ọ̀hún? Ta ló ń ṣọ́ ọjà lóru? Oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ mélòó ló ti san ṣáájú yín? Bí wọ́n bá ti ju mẹ́fà lọ ní ìpàtẹ kékeré, ẹ wá ibòmíì lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ní rìsíìtì ààyè lọ́wọ́, ẹ ti gbọ́ ọjọ́ kan náà lẹ́nu ẹni méjì tí wọn kò mọ ara wọn, ẹ sì mọ èèwọ̀ ìlú náà.

ÌPELE 2: Ẹ ṣírò ohun tí ìrìn àjò náà máa jẹ

Ẹ mú ìwé. Iye owó tó wà nísàlẹ̀ yìí, àpẹẹrẹ ni. Ẹ fi ti ọjọ́ tí ẹ ń lọ rọ́pò rẹ̀.

Owó ọkọ̀ ẹni méjì ní àlọ àti àbọ̀, ₦16,000. Owó ẹrù, ₦4,000. Ààyè, ₦15,000. Tábìlì, àga àti kánópì, ₦8,000. Oúnjẹ ọjọ́ méjì, ₦12,000. Ibi ìsùn, ₦10,000. Owó olùrànlọ́wọ́, ₦10,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦75,000. Bí ọmọ yín bá tilẹ̀ ni olùrànlọ́wọ́ náà, ẹ kọ owó rẹ̀ sílẹ̀.

Ó wá kan ẹyọ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ká mú ẹ̀gbà ọwọ́ tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ 8 mm ṣe. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ 8 mm tó gùn ní íǹṣì 16 máa ń ní nǹkan bí ẹyọ 50. Bí ẹ bá ra okùn kan ní ₦1,500, ẹyọ kan di ₦30. Ẹ̀gbà ọwọ́ íǹṣì 7 gba ẹyọ 22, ìyẹn ₦660. Okùn àti húùkù, ₦140. Páálí àti ọ̀rá tí ẹ fi dì í, ₦100. Ó di ₦900. Bí ó bá gbà yín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí ẹ sì fi wákàtí kan sí ₦1,200, iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́ ₦600. Àpapọ̀ ₦1,500. Ẹ tà á ní ₦2,500. ₦1,000 ló ṣẹ́kù.

₦1,000 yẹn kò tíì di èrè o. Òun ló máa kọ́kọ́ san owó ìrìn àjò. Láti fi ẹ̀gbà ọwọ́ nìkan san ₦75,000, ẹ gbọ́dọ̀ ta 75, bẹ́ẹ̀ 35 péré lẹ gbé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: ọjà pẹ́pẹ̀pẹ́ ló kún àpò wọn, inú wọn sì ń dùn pé èrò pọ̀ nídìí tábìlì.

Ohun tó ń gbé ìrìn àjò ni ọjà àárín àti ti òkè. Bí iyùn kan bá ń mú ₦9,000 wá lẹ́yìn tí ẹ ti yọ owó ohun èlò àti iṣẹ́ ọwọ́, tí ẹ̀gbà ọrùn ń mú ₦2,500 wá, ẹ wò ó báyìí: iyùn 3 jẹ́ ₦27,000, ẹ̀gbà ọrùn 10 jẹ́ ₦25,000, ẹ̀gbà ọwọ́ 23 jẹ́ ₦23,000. Ó pé ₦75,000 géérégé. Ẹyọ 36 péré lẹ tà. Láti orí ẹyọ kẹtàdínlógójì lọ ni èrè ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ iye jálẹ̀, ìyẹn iye tí ẹ kò ní tà kéré sí, sí ẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan, kí olùrànlọ́wọ́ yín má baà máa pè yín níwájú oníbàárà pé "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbà?" Ẹ fi álífábẹ́ẹ̀tì wa ṣe àmì: A ni 1, B ni 2, D ni 3, E ni 4, Ẹ ni 5, F ni 6, G ni 7, GB ni 8, H ni 9, I ni òdo. Ẹ ka owó ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún. ₦2,200 jẹ́ 22, ẹ kọ BB. ₦6,500 jẹ́ 65, ẹ kọ FẸ. ₦12,000 á di ABI, oníbàárà tó bá sì yí páálí wò á rò pé ẹ ń bi òun ní ìbéèrè ni.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ lè dárúkọ, láì wo ìwé, iye ẹyọ tí ẹ gbọ́dọ̀ tà kí owó ọkọ̀ àti ààyè tó padà.

ÌPELE 3: Ẹ yẹ gbogbo okùn wò

Ìlẹ̀kẹ̀ tó já lọ́rùn oníbàárà níbi ìpàtẹ, ojú gbogbo èrò ló já. Ẹ̀gbà kan lè lé èèyàn mẹ́wàá lọ.

Okùn ìpẹja máa ń gbó, pàápàá èyí tó ti pẹ́ lójú fèrèsé tí oòrùn ń pa. Kí ẹ tó lò ó, ẹ gé e ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, ẹ ta á ní kókó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fà á. Bí ó bá já pẹ́kẹ́ láì janpata, ẹ sọ gbogbo róòlù náà nù. Bí ẹ bá ti fi ṣe ọjà, ẹ tú ọjà ọ̀hún ṣe lọ́tun.

Níbi tí wọ́n ti ń tẹ irin pa, àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀. Ẹlòmíì á tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí etí irin á fi gé okùn sí wẹ́wẹ́; kò ní já lójú ẹsẹ̀, inú mọ́tò ni á ti já. Ẹlòmíì á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, okùn á máa yọ̀ jáde. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí á fi pẹlẹbẹ, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ da ìrù okùn tó tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 padà gba inú ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó gé e. Ẹ fi àlàfo bíi 2 mm sílẹ̀ láàárín ìlẹ̀kẹ̀ tó kẹ́yìn àti húùkù, torí ẹ̀gbà tó bá le gan-an bí igi kò ní lè tẹ̀, okùn rẹ̀ á sì ṣẹ́ níbi tí ọrùn ti yí.

Ìlẹ̀kẹ̀ dígí olójú púpọ̀ máa ń ní ihò mímú. Okùn 0.35 mm kò tó fún un, 0.50 mm ni kí ẹ lò. Iyùn wúwo, nítorí náà ẹ di okùn rẹ̀ ní ìṣẹ́po méjì, kí ẹ sì ta kókó láàárín ẹyọ kan sí èkejì. Bí ó bá já, ẹyọ kan péré ló máa bọ́. Ó gba àkókò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dunni tó kí iyùn olówó gọbọi fọ́n ká sórí iyanrìn.

Fún rọ́bà, ẹ fà á nígbà mẹ́rin kí ẹ tó sín ìlẹ̀kẹ̀ sí i, kí ó má baà fẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Bí ẹ bá ń ta kókó, ẹ yí i po lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fà á, kí ẹ kán gọ́ọ̀mù tí kì í gan díẹ̀ sí i, kí ó sùn mọ́jú. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù agbánjú, èyí tó ń gan lójú ẹsẹ̀. Ó ń jẹ́ kí rọ́bà gbẹ, á sì kán.

Ìwọ̀n: ẹ̀gbà ọrùn ní íǹṣì 16, 18 àti 20, kí ṣéènì íǹṣì 2 wà ní ìdí rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ gùn sí i. Ẹ̀gbà ọwọ́ obìnrin ní 7 àti 7½, ti ọkùnrin ní 8 àti 8½. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ẹ má dì í pa nílé. Ẹ sín in tó íǹṣì 50, kí ẹ fi okùn sílẹ̀ lórí méjèèjì, kí ẹ wá wọn ìdí ẹni tó rà á níbẹ̀, kí ẹ sì yọ èyí tó pọ̀ jù. Ẹni tó dì í ní 36 nílé á máa gbé e bọ̀ wálé ni.

Ọ̀rọ̀ iyùn. Ẹ ya iyùn gidi sọ́tọ̀ kúrò lára oníke, kí ẹ sì kọ ọ́ sí páálí wọn. Iyùn gidi tutù lọ́wọ́, ó wúwo, àwọ̀ rẹ̀ kì í dọ́gba látòkè délẹ̀. Oníke fúyẹ́, ó máa ń lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ ó sì rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí wọ́n ti pa á pọ̀. Àwọn ìyá Ọ̀wọ̀ àti ti Àkúrẹ́ mọ iyùn ju yín lọ. Ẹ pe ike ní iyùn lẹ́ẹ̀kan péré níwájú wọn, ẹ ti ba ọjà ọjọ́ méjì jẹ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ di orí méjèèjì ẹ̀gbà mú, ẹ já a gìrì nígbà mẹ́wàá, ẹ ṣí húùkù, ẹ pa á dé nígbà márùn-ún. Èyí tó bá yẹ̀ nínú 120, ilé ló ti yẹ̀.

ÌPELE 4: Dídi ẹrù

Ẹ gún yẹtí mọ́ páálí, méjì-méjì. Ẹ̀gbà ọrùn kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá tirẹ̀, kí húùkù rẹ̀ yọ síta lẹ́nu ọ̀rá náà. Bí ìdí rẹ̀ bá wà níta, kò ní lè lọ́. Ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi í sínú sítíróò, kí ẹ fi húùkù rẹ̀ kọ́ ara wọn. Ẹ má fi rọ́bà owó di ohunkóhun tó ní fàdákà lára. Rọ́bà máa ń sọ ọ́ di dúdú. Ẹ ju ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé ẹyọ méjì sínú ike kọ̀ọ̀kan kí ó máa fa ọ̀rinrin, pàápàá lásìkò òjò.

Ike onídèérí tó le ni kí ẹ lò, kì í ṣe Ghana-must-go lásán. Ohun tó wúwo lọ sísàlẹ̀, yẹtí lókè. Ẹ kọ nọ́ńbà sára ike, kí ẹ sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ pín ọjà sí ọ̀nà méjì: kí iyùn mẹ́fà má wà nínú ike kan náà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé ike sókè, ẹ mì í. Bí ó bá ń dún bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ tú u, kí ẹ fi aṣọ tàbí ìwé kún un.

ÌPELE 5: Ojú ọ̀nà

Ìdànrè kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ẹ lè lọ kí ẹ bọ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀wọ̀, Oǹdó àti Adó-Èkìtì, nǹkan bí kìlómítà 50 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ dé gáréèjì kí aago méje àárọ̀ tó lù. Ẹ ná owó ẹrù kí ike tó wọ ẹ̀yìn mọ́tò. Lẹ́yìn tó bá ti wọlé, ẹnu yín kò ká a mọ́. Ike iyùn, orí itan ni ibùjókòó rẹ̀. Ẹ mú rìsíìtì ohun èlò tí ẹ rà dání, nítorí wọ́n lè béèrè lọ́nà pé ta ló ni ẹrù tó ń dán báyìí.

Ẹ má rìn lóru. Bí ìpàtẹ bá máa pẹ́ kí ó tó tú ká, ẹ ti wá ibi ìsùn sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kódà bí ó bá jẹ́ Oǹdó nìkan lẹ ń lọ. Owó ìsùn náà ti wà nínú ₦75,000 yẹn.

ÌPELE 6: Pípàtẹ

Ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí méjì ṣáájú èrò. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ yan ààyè, ẹ yan èyí tó wà ní ọ̀nà àbáwọlé ṣùgbọ́n tó jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Níbi tí èèyàn kò bá ti lè gbọ́ iye owó, kò ní dúró ná an. Ẹ kọ ẹ̀yìn ìsọ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má baà yọ́ gọ́ọ̀mù yín. Ẹ má pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń yan súyà. Òróró rẹ̀ ń fò.

Ẹ tẹ́ aṣọ dé ilẹ̀, kí ike bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi páálí gbé ẹ̀yìn tábìlì ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, àárín ní 15, kí iwájú wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iyùn máa ń tàn lórí aṣọ funfun. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí àti píálì, orí aṣọ dúdú. Àdìrẹ rẹwà púpọ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ìlẹ̀kẹ̀ mì. Ẹ fi í sí iwájú tábìlì níbi tí kò ti sí ọjà lórí rẹ̀.

Ẹ má kó gbogbo 120 síta. Nǹkan bí 60 tó, kí ẹ máa fi òmíràn rọ́pò èyí tó bá tà. Tábìlì tó kún fọ́fọ́ dà bí àtẹ ọjà olówó pọ́ọ́kú, èèyàn á fẹ́ ná iyùn ₦25,000 ní ₦5,000. Ìlà tó sún mọ́ ojú ọ̀nà ni kí yẹtí wà; iyùn, ẹ̀yìn, níbi tí ọwọ́ èrò kò dé bí ẹ kò bá gbé e fún un. Dígí ńlá, ìkángun tábìlì, kí ẹni tó ń wo ara rẹ̀ má dí àwọn yòókù lọ́nà. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ gbígbẹ nu ọjà ní wákàtí méjì-méjì, eruku a máa pa ìdán ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ rìn sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Bí ẹ kò bá lè ka iye owó ẹyọ mẹ́ta láti ibẹ̀, ẹ tún un kọ gàdàgbà.

ÌPELE 7: Títà àti gbígba owó

Ẹ pín iṣẹ́. Ẹnì kan ń tà, ẹnì kejì ń gba owó, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń tà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpò ìbàdí. Bí ẹ bá dà á pọ̀, nígbà tí èrò bá ya dé ni ẹ máa fún ẹnì kan ní ṣéńjì ẹlòmíì.

Kí oníbàárà tó béèrè owó, ẹ ti gbé e lé e lọ́rùn. "Mọ̀mí, ẹ kú ọjọ́ ọdún o, ẹ jẹ́ ká wò ó lọ́rùn yín," kí dígí sì ti wà níwájú wọn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́, ẹ wọn ọrùn ọwọ́, kí ẹ fi ààbọ̀ íǹṣì kún un. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá tó 10 mm, ẹ fi íǹṣì kan kún un, torí ìlẹ̀kẹ̀ tó nípọn ń jẹ àyè nínú.

Wọ́n máa ná an, ìyẹn dájú. Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún lé iye jálẹ̀ láti fi dá wọn lóhùn, kí ẹ má sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ẹ pàdé, ẹ fi èènì parí rẹ̀ dípò kí ẹ tún já owó: yẹtí kékeré tó ná yín ní ₦150 a máa dùn mọ́ oníbàárà ju ₦500 tí ẹ yọ lọ. Ẹ kó 15 irú rẹ̀ sínú àpò kan. Wọn kò sí lára 120.

Tiransífá ló ń kó ọ̀pọ̀ sí ìyọnu. Níbi tí èrò bá pọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wúwo, àlẹ́ẹ̀tì á pẹ́. Àwọn olè mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú hàn yín lórí fóònù wọn, tàbí kí wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yín tó jọ ti báǹkì. Òfin kan ló wà: owó kò wọlé àfi tí ẹ bá rí i kún iye tó wà nínú àkáǹtì yín, lórí áàpù tàbí kóòdù báǹkì tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀. Ẹ má wo fóònù oníbàárà. Bí báǹkì kìíní bá ń fà, ẹ fún un ní nọ́ńbà ìkejì kí ó tó san, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti san. Bí ó bá ti fi ránṣẹ́ tí kò tíì dé, ẹ fi pẹ̀lẹ́ ní kí ó jókòó, ẹ gbé omi fún un, kí ọjà ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó san owó lóòótọ́ kì í bínú sí àga àti omi tútù.

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ bá gbé fún yín. Níbi ọdún ìlú, ẹnì kan lè ní òun fẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ 40 fún ẹgbẹ́ wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: 22 lọ́nà 40 jẹ́ ẹyọ 880, okùn kan ní 50, ó gba okùn 18, ẹ ra 20. Ọjọ́ kan náà, ọwọ́ ẹni kan náà ni kí ẹ ti ra gbogbo rẹ̀, nítorí àwọ̀ máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti ìkójọ kan sí òmíràn, lára àwọn 40 tó jókòó pọ̀ ni yóò sì ti hàn. Ẹ gba owó tó tó ra gbogbo ohun èlò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ ìwọ̀n ọwọ́, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ẹ àti gáréèjì tí ẹ máa fi ẹrù ránṣẹ́ sí. Ẹni tó bá ní òun á san gbogbo rẹ̀ nígbà tí ọjà bá dé, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ fún un ní nọ́ńbà yín, kí ẹ má rà ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan.

Àwìn? Rárá. Ìlú yín kọ́ lẹ wà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní ọ̀sán, ẹ ka ọjà tó kù. Iye tó tà nínú ìwé àti iye tó dín nínú ike gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọ́n bá yàtọ̀ ní méjì tàbí mẹ́ta, ọwọ́ ń wọ tábìlì yín. Ẹ kó yẹtí sún mọ́ àárín.

ÌPELE 8: Kíkó ẹrù àti ilé

Ẹ kó ẹrù nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì mọ́lẹ̀. Ẹ nu gbogbo ohun tí èèyàn ti fi sọ́rùn kí ẹ tó dá a padà sínú ọ̀rá. Òógùn ló ń jẹ húùkù. Ọjà tó já, ẹ fi sínú ọ̀rá kan ṣoṣo pẹ̀lú gbogbo ẹyọ rẹ̀, kí ẹ má tún un ṣe lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì tí ẹ délé, kí àárẹ̀ tó mú yín gbàgbé, ẹ kọ ìlà mẹ́ta sínú ìwé: ohun tó tà jù, ohun tí èèyàn béèrè tí ẹ kò ní, àti iye tí ìrìn àjò náà jẹ gan-an. Ẹ fi ìkẹta wé ₦75,000 yín. Bí ó bá lé ní ₦5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá ibi tó ti lé, kí ẹ fi iye tuntun náà sínú ìṣirò ìpele 2 kí ẹ tó san owó ààyè míì.